Ìpalẹ̀mọ́ Ọ̀dọ́ tí Ó Fẹ́ Wa Hẹlikópítà Ogun

Ìró ọkọ̀ òfurufú kì í ṣe ohun tuntun létí ọmọ Alímọ̀ṣọ́. Pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà kò jìnnà sí Ẹgbẹ́dá àti Ìkọ̀tún. Ní Ìkẹjà kan náà ni ibùdó àwọn ọmọ ogun òfurufú sì wà. Bí hẹlikópítà bá ń kọjá lókè Ìgándò, àwọn ọmọdé a sáré jáde, wọn a máa juwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì wí pé irú ọkọ̀ yìí ni àwọn yóò máa wà bí àwọn bá dàgbà. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n ìrìn ọdún púpọ̀ ni ó wà láàárín ẹni tí ó ń juwọ́ nílẹ̀ àti ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ lókè. Àwọn tí ó ń du àyè náà pọ̀, àyè kò sì pọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró di ọjọ́ tí a kéde ìgbaniwọlé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí múra, ó ti pẹ́ jù. Àwọn àgbà ní, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ó yẹ kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè. Ọkọ̀ òfurufú alápá gbọ́dọ̀ sáré lórí ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó gbé e. Ti hẹlikópítà kò rí bẹ́ẹ̀: abẹ̀bẹ̀ gbọọrọ tí ń yí lórí rẹ̀ ni apá rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi lè gbéra lójú kan, tí ó sì lè dúró lójú kan ní òfurufú. Awakọ̀ ń fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀pá kan tí ó ń mú ọkọ̀ lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá mìíràn mú, èyí tí ó ń darí rẹ̀ síwájú, sẹ́yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Bí abẹ̀bẹ̀ ńlá ti ń yí sí apá kan, ara ọkọ̀ ń fẹ́ yí sí apá kejì. Abẹ̀bẹ̀ kékeré tí ó wà ní ìrù ni ó ń dá a dúró, ẹsẹ̀ méjèèjì awakọ̀ ni ó sì ń ṣe àkóso rẹ̀. Bí ọwọ́ òsì bá yí iṣẹ́ rẹ̀ padà díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé tiwọn. Ó dàbí onídùndún tí ó ń fi ọwọ́ kan fún ọṣán, tí ó ń fi èkejì lu awọ, tí ojú rẹ̀ sì wà lára oníjó. Lójú ogun, awakọ̀ tún ní láti ka àwòrán ilẹ̀, kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rédíò, kí ó ṣírò epo tí ó kù, kí ó sì máa ṣọ́ ọ̀tá. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè pa pọ̀ kò lè ṣe é.

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ ìpalẹ̀mọ́, ìtàn Tolúlọpẹ́ Arótilé tó wa. Ọmọ Ìfẹ̀ ní Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí, ni. Kàdúná ni a bí i sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1995, ibẹ̀ náà ni ó sì ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú. Láti ọdún 1964 ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun tí a ń pè ní Nigerian Defence Academy, tàbí NDA, ti wà ní Kàdúná. Ṣùgbọ́n ọdún 2011 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún àwọn obìnrin láti wá kọ́ṣẹ́ ogun níbẹ̀ bí ọkùnrin. Ní ọdún kejì rẹ̀, Tolúlọpẹ́ wọlé. Ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò, ó sì di ọ́físà ní ọdún 2017. Wọ́n rán an lọ sí ilẹ̀ South Africa láti kọ́ bí a ti ń wa hẹlikópítà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, wọ́n fi àmì ìyẹ́ awakọ̀ sí i láyà. Ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ń wa hẹlikópítà ogun ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kan náà ni Káfáyátì Sànní gba tirẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ń wa ọkọ̀ òfurufú ajagun tí í máa ń sáré bí àrá.

Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn ṣírò àwọn ọdún wọ̀nyí. Láti ìgbà tí ó wọ NDA títí di ìgbà tí ó gba ìyẹ́, ọdún méje ni. Ju ìyẹn lọ, nígbà tí ó ń ṣe ìṣirò nínú kíláàsì kékeré, ilẹ̀kùn náà ṣì wà ní títì fún gbogbo obìnrin. Bí ó bá ti fi ìwé sílẹ̀ nítorí pé ilẹ̀kùn tì, ṣíṣí tí ó ṣí kì bá ti ṣe é ní àǹfààní kankan.

Ẹni tí yóò wọ NDA gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí kò tí ì ṣe ìgbéyàwó, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọdún 21 lọ. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ kúrú ju mítà 1.68 lọ, obìnrin kò sì gbọdọ̀ kúrú ju mítà 1.65. Ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, kí ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn, kí ó sì fi NDA ṣe àkọ́yàn nínú ìdánwò JAMB. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣe ìdánwò NDA fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó bá yege ni a ń pè sí Kàdúná, níbi tí àwọn ọ̀gá ológun ti ń yẹ ara, ìwà àti ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wò. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá ni a sì ń fi í kà sí. Nítorí náà, ọmọ Ọ̀ṣun tàbí Èkìtì tí a bí sí Ìkọ̀tún gbọ́dọ̀ tètè gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ nílé. Kí ó má sì rò pé wíwọlé ni wíwa ọkọ̀. Àyẹ̀wò ara tí a ń ṣe fún awakọ̀ le ju ti àwọn yòókù lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ hẹlikópítà, irú èyí tí iléeṣẹ́ náà ń kọ́ni ní Enugu.

Kí ni ọmọ ilé-ìwé Alímọ̀ṣọ́ lè ṣe nísinsìnyí? Kí ó má ṣe sá fún ìṣirò àti físíìsì, nítorí ọ̀rọ̀ ìwúwo, agbára àti afẹ́fẹ́ tí ó ń kà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abẹ̀bẹ̀ tí ń yí lókè. Kí ó máa sáré ní àárọ̀ kí ọkọ̀ tó kún títì. Kí ó jẹ́ kí dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò ní kùtùkùtù. Kí ó yẹra fún sìgá àti igbó, kí ó sì mọ bí a ti ń gba àṣẹ láìráhùn. Ẹni tí kò lè dé ilé-ìwé lákòókò nítorí oorun, ta ni yóò fi ẹ̀mí àwọn ènìyàn lé lọ́wọ́ ní òfurufú?

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Àwọn gbájúẹ̀ ń kiri, wọ́n ń sọ fún òbí pé àwọn ní ẹsẹ̀ ńlá ní iléeṣẹ́ ológun, pé bí ó bá lè san owó, ọmọ rẹ̀ ti wọlé. Òbí a ta ilẹ̀, ọmọ a fi ìwé sílẹ̀, àwọn méjèèjì a sì pàdánù. Kò sí ẹni tí ó lè fi owó ra ọwọ́ tí ó gún àti ọkàn tí ó balẹ̀.

Ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé ẹni tí ó múra dáadáa kò ní wọlé, bóyá nítorí ojú tàbí gíga rẹ̀. Kí ó má ṣe sọkún bí ẹni tí ayé parí fún. Ìṣirò tí ó kọ́ kò ní bà jẹ́: àwọn tí ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe àti àwọn tí ń darí wọn láti ilẹ̀ nílò rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ọdún 2020, Tolúlọpẹ́ fi hẹlikópítà rẹ̀ jagun sí àwọn agbébọn ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún náà, ìjàǹbá ọkọ̀ ilẹ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀ ní ibùdó wọn ní Kàdúná. Ẹni ọdún 24 ni. Ìyá tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lè fẹ́ dá ọmọ rẹ̀ dúró, a kò sì gbọdọ̀ bá a wí. Ṣùgbọ́n kí ọ̀dọ́ mọ̀ pé ọdún ayé kò sí lọ́wọ́ ẹni. Bí a ti lò ó nìkan ni ó wà lọ́wọ́ wa. Ọmọbìnrin yìí kò pẹ́ láyé, síbẹ̀ kò sí ọdún kan tí ó fi ṣòfò nínú èyí tí a fi fún un.

Ìbéèrè
1. Kí ni iṣẹ́ ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ awakọ̀ hẹlikópítà?
2. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní NDA ní ọdún 2011, báwo ni ó sì ṣe kan ìtàn Tolúlọpẹ́?
3. Lo gbólóhùn wọ̀nyí nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ: du àyè, pa ọkàn pọ̀, fi ṣòfò.
4. Kọ àròkọ kan lórí òwe yìí: Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.