Ó Ti Mọ́ Mi Lára: Ẹ̀kọ́ Kékeré lórí Ìlera àti Ìwà

Ní ìsinmi Kérésì tó kọjá, mo délé ní Ìjàgbà, mo bá oògùn tuntun lórí tábìlì bàbá mi. Wọ́n ti lọ yẹ ìfúnpá wò, ó sì jẹ́ 168 lórí 100. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá. Ẹ̀rín pa bàbá mi. "Èmi tí mo ti ń roko láti kékeré, eré wo ni wọ́n tún fẹ́ kí n lọ máa ṣe?"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mí, mo sì rí i pé ohun tí bàbá mi gbọ́ kọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ bí a ti ń ṣe ní kíláàsì mọfọ́lọ́jì. Ìdárayá: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-, ọ̀rọ̀ ìṣe dá àti yá, ọ̀rọ̀ orúkọ ara láàárín wọn. Mímú kí ara yá ni. Kò sí bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kò sí ṣòkòtò péńpé. "Eré" tí a fi ṣíwájú rẹ̀ ló jẹ́ kí ó dà bí ohun ọmọdé létí àgbàlagbà. Oko ríro wà nínú ìdárayá, omi pípọn àti iyán gígún náà wà níbẹ̀.

Ṣé bàbá mi jàre nìyẹn? Lápá kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sóko. Ní báyìí, ọ̀kadà ló ń gbé wọn dé etí oko, àwọn alágbàṣe ló sì ń roko. Oúnjẹ àgbẹ̀ ni wọ́n ṣì ń jẹ, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn ti di ẹsẹ̀ ọ̀gá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe ohun tó ń mú èémí yára díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì fi ọjọ́ méjì ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára. Bí a bá pín 150 náà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Bí ẹ bá ń rìn tí ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ó ti tó nìyẹn. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni "ara mi ti yá." Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ní àmì tí èèyàn lè fura sí. Ó lè wà lókè 140 lórí 90 fún ọdún pípẹ́ kí orí má fọ́ni rárá, kó sì máa ba ọkàn, kíndìnrín àti ọpọlọ jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ bó ṣe rí. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí pé ara yá, láìjẹ́ pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní ti iyọ̀, ohun tí àjọ yẹn fọwọ́ sí kò tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn bíi síbí tíì kan. Èyí tó wà nínú magí, nínú búrẹ́dì, àti nínú Indomie tí àwa ará họ́sítẹ́ẹ̀lì fi ń gbé ọ̀sẹ̀ ìdánwò, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìṣirò náà.

Bàbá mi gbọ́ gbogbo èyí. Wọ́n gbà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún bu iyọ̀ sóúnjẹ kí wọ́n tó tọ́ ọ wò. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí, torí pé ọwọ́ wọn kò dúró béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọpọlọ.

Yorùbá ní orúkọ méjì fún irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni bárakú, tí ọ̀pọ̀ ń tú sí "bá ara kú," bíi pé ikú nìkan ló lè yà wọ́n. Èkejì ni "ó ti mọ́ ọn lára." Èkejì yìí ni mo fara mọ́, nítorí pé ohun tó mọ́ni lára, ìgbà kan wà tí kò tíì mọ́ni lára. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London wo bí ó ṣe ń pẹ́ tó, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009. Èèyàn 96 ni wọ́n lò. Kálukú mú ohun kan ṣoṣo tí yóò máa jẹ, tí yóò máa mu tàbí tí yóò máa ṣe, ó sì so ó mọ́ ohun tó ti ń ṣe lójoojúmọ́, bíi lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Nínú ìṣirò wọn, àárín rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 66, ó bẹ̀rẹ̀ láti 18 títí dé 254. Nítorí náà, ọjọ́ 21 tí àwọn èèyàn ń pariwo kò tó fún ọ̀pọ̀ wa. Ohun tó tù mí nínú jù níbẹ̀ ni pé bí èèyàn bá fo ọjọ́ kan, kò ba iṣẹ́ jẹ́.

Àwa tí a ti Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ wá ti rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, nínú ọ̀ràn ibà Lassa. Ní 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àìsàn yìí mọ̀, nílùú Lassa ní Borno, ṣùgbọ́n agbègbè wa wà lára ibi tó ti ń jà jù. Láàárín 2018 sí 2020, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé aláìsàn 510 nílé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀. 62 nínú wọn kú. Irú eku kan ló ń gbé e kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń ba oúnjẹ jẹ́. Gààrí tí a fi omi tútù rẹ kò sì rí iná mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti yan án.

Oríṣi ìkìlọ̀ méjì ló wọ ilé wa. "Ẹ jẹ́ kí àyíká mọ́" wọlé, ó sì jáde. "Ẹ da gààrí sínú ike onídèérí" ló dúró. Màmá mi ti máa ń da gààrí sínú nǹkan tẹ́lẹ̀ tó bá ti tutù; igbá ló kàn di ike. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọn kò rántí.

Ọ̀nà kan náà la gbà pẹ̀lú bàbá mi. Màmá gbé àwo iyọ̀ kúrò lórí tábìlì lọ sórí pẹpẹ kíṣíìnì. A gbé oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákò, torí pé bàbá mi kì í jẹun láìrunrín. Ọ̀kadà ń já wọn sílẹ̀ ní oríta báyìí, ó ku bí ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dé oko, àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún padà. Nípa oríta yẹn, a jà díẹ̀ o.

Èmi alára ńkọ́? Ọdún tó kọjá ni mo ní màá máa sáré láago márùn-ún ìdájí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ṣe é, torí pé pròjẹ́ẹ̀tì kì í jẹ́ kí n sùn kí aago méjì tó lù, bẹ́ẹ̀ ara àgbàlagbà ń fẹ́ oorun wákàtí méje. Mo pa sísáré tì. Ní báyìí, bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn yàrá mi láàárọ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ sí kíláàsì, n kì í wọ kẹ̀kẹ́. Ọjọ́ kọkànlélógójì rèé, mo ti fo márùn-ún níbẹ̀.

Ìfúnpá bàbá mi jẹ́ 150 lórí 94 nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù tó kọjá. Ó ṣì ga. Wọ́n máa padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.