Ìrù Gosúlóò Ni Kí Ẹ Máa Ṣọ́

ÌBÉÈRÈ: Òkè-Àrín ni mo ti ń tajà, Adéníji-Adélé ni mò ń gbé. Ọmọ mi wà ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, èmi fúnra mi ni mo sì máa ń wa mọ́tò gun afárá Third Mainland lọ wò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, nígbà tí wọ́n ń tún afárá náà ṣe, ọkọ̀ dúró níwájú, èmi náà dúró, àfi gbà! Dánfó kan ti kọlù mí lẹ́yìn. Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, bọ́ńpà nìkan ló fọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí kóònù lójú títì, àyà mi á máa já. Bí mo bá tètè bọ́ sí ìlà tí wọ́n ṣí sílẹ̀, àwọn mìíràn á sáré kọjá mi lọ ṣọ́ńtì, kí wọ́n já wọlé níwájú. Bí mo bá ní kí èmi náà lọ síwájú, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé, wọ́n á tún bú mi lé e. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n kúkú fi mọ́tò sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?
— Ìyá Ọlọ́jà, Ìsàlẹ̀ Èkó

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ewu. Bọ́ńpà ṣeé rà lọ́jà, ọrùn ò ṣeé rà.

Nígbà tí wọ́n bá ń tún ọ̀nà ṣe, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rò ni pé etí kòtò ni ewu wà, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nídìí iṣẹ́ nìkan ló yẹ kó bẹ̀rù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ irú ìjàǹbá yìí lọ́dọọdún, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ló ń kú níbi iṣẹ́ ojú ọ̀nà ju àwọn òṣìṣẹ́ lọ, wọ́n sì fi púpọ̀ jù wọ́n lọ. Ìjàǹbá tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni irú èyí tó bá yín gan-an: ẹni ẹ̀yìn kọlu ẹni iwájú. Ìrù gosúlóò ni ibi burúkú, níbi tí ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ ti máa bá èyí tó ti dúró. Ìrù yìí kì í sì í wà lójú kan. Ó lè wà ní Adékúnlé ní agogo mẹ́fà àárọ̀, kó ti dé Òwòròǹṣòkí kó tó di agogo méje. Kóònù ò sí níbẹ̀, àmì ò sí níbẹ̀, àwọn LASTMA tó ń darí ọkọ̀ ò sì sí níbẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò ó. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń lọ ní nǹkan bíi mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí i pé ọkọ̀ iwájú ti dúró, kí ẹsẹ̀ tó kan bíréékì, ó ti rin nǹkan bíi mítà 33. Bíréékì fúnra rẹ̀ yóò tún gba bíi mítà 35 lórí ọ̀dà gbígbẹ kí ọkọ̀ tó dúró pátápátá. Àpapọ̀ rẹ̀ ń lọ sí mítà 70. Bí ẹ bá ń sáré 40, gbogbo rẹ̀ ò ju bíi mítà 26 lọ. Ẹ dín eré kù sí ìdajì, ibi tí ẹ nílò láti dúró sì dín ju ìdajì lọ dáadáa. Èyí tí mo sọ yìí, ọ̀dà gbígbẹ ni o. Ẹ̀yin náà mọ bí òjò oṣù Keje ti ń rí. Afárá Third Mainland gùn tó kìlómítà 11.8, kò sì sí koríko tí èèyàn lè yà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀sà ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí i lókèèrè pé iná bíréékì ń pọ̀ níwájú, ẹ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Ẹ tan iná ìtọ́ka méjèèjì, ẹ fẹsẹ̀ kan bíréékì díẹ̀díẹ̀ léraléra kí ẹni ẹ̀yìn lè rí i. Bí ẹ bá máa dúró, ẹ fi àyè tó gba ọkọ̀ kan ó kéré tán sílẹ̀ láàárín yín àti ẹni iwájú, kí ojú yín sì wà nínú dígí títí ẹni ẹ̀yìn yóò fi dúró tán. Bí ó bá ń bọ̀ láì fẹ́ dúró, àyè yẹn ni ẹ máa sá sí. Bó bá jẹ́ tírélà tó ru kọ̀ńténà ló ń bọ̀, ẹ má dúró níwájú rẹ̀ bí ìlà mìíràn bá wà. Nígbà tí ọkọ̀ ẹ̀yìn bá ti dúró, ẹ pa iná ìtọ́ka méjèèjì náà. Àwa tí a máa ń tàn án torí pé a fẹ́ kọjá tààrà ní oríta, kí Ọlọ́run bá wa dá a dúró.

Ní ti ìlà tí wọ́n dí, ẹ wo bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Bí wọ́n bá ṣì ń sáré, ẹ tètè bọ́ sí ìlà tó ṣí, ẹ má dúró de ìdí kóònù. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń rá pálá, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ìlà méjèèjì kún dé ìdí kóònù, kí wọ́n wá máa wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan láti ibí, ọ̀kan láti ọ̀hún. Ní Jámánì, òfin ni. Ìrù gosúlóò tí mo ń pariwo rẹ̀ láti àárọ̀ kì í gùn púpọ̀ bí ìlà méjì bá pín in. Ẹni tó gba etí títì, tàbí tó gba wan-wéè tí òfin ìrìnnà Èkó kà léèwọ̀, òun ni oníṣọ́ńtì. Ẹni tó wà nínú ìlà tirẹ̀ kò ṣọ́ńtì. Bí ẹ bá wà ní ìlà tó ṣí, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wọlé níwájú yín, ẹnì kan péré, kí ẹ tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọlé, ẹ tan ìtọ́ka, ẹ wo ojú awakọ̀ náà, ẹ nawọ́ bẹ̀ ẹ́. L'Ékòó, ọwọ́ ẹ̀bẹ̀ máa ń ríṣẹ́ ṣe ju hóònù lọ. Bí LASTMA bá dúró níbẹ̀, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá sọ ni kí ẹ ṣe.

Ẹ ò béèrè èyí, àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n: nígbà àtúnṣe, ọ̀nà tí ẹ gbà lánàá lè yí padà lónìí. Nígbà tí wọ́n ti apá kan Third Mainland pa ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2020, àwọn tó ń lọ sí Island ló ń lo ìyókù láàárọ̀. Bó bá di ọ̀sán, wọ́n á yí i padà fún àwọn tó ń jáde kúrò ní Island. Nígbà tí iná jó Afárá Èkó ní Apọ́ńgbọ̀n ní oṣù Kẹta ọdún 2022, tí wọ́n ti ibẹ̀ pa fún ọ̀pọ̀ oṣù, Afárá Carter àti Ìdúmọ̀tà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yà sí. Ẹni tí ọ̀nà ti mọ́ lára jù ló máa ń kó sí wàhálà nírú àkókò bẹ́ẹ̀, torí pé ti àná ló ń wà. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ gbọ́ rédíò. Lálẹ́, ẹ rẹ iná gíga sílẹ̀ níbi iṣẹ́, kó má fọ́ ẹni tó ń darí ọkọ̀ lójú.

Ẹ bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi mọ́tò sílẹ̀, dánfó náà lẹ máa wọ̀ lọ sí Akọkà, awakọ̀ rẹ̀ sì lè jẹ́ ẹni tó fọ́ bọ́ńpà yín. Ẹ máa wa mọ́tò yín lọ. Fún oṣù kan, ẹ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí títì máa ń dá, títí àyà yín yóò fi balẹ̀. Ẹ sì kọ nọ́mbà wọ̀nyí sára dáṣíbọ́ọ̀dù: 122 ni ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, 767 tàbí 112 ni ti pàjáwìrì ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀fẹ́ ni ìpè náà.