Ìbọn Kan, Ojú Méjì: Ẹ̀kọ́ lórí Ọlọ́pàá àti Ará Ìlú Tí Ó Gbé Ìbọn ní Gbangba ní Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ojú rẹ̀ sí òun?" Òwe yìí ni a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni wọ́n ń gbé ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan wà ní ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ènìyàn ti lè fi ìbọn sí ìbàdí rìn ní ìgboro láìrú òfin. Ó yẹ kí òbí tí ó ní ọmọ lọ́hùn-ún, àti ẹni tí ó ń múra àtilọ, mọ bí ọ̀ràn yìí ti rí.

Ní ilẹ̀ tiwa, bí ọdẹ bá gbé ìbọn kọ́ èjìká ní kùtùkùtù òwúrọ̀, "Àrìnpa o!" ni a ó fi kí i. Kì í ṣe ìbọn náà ni ó fi wá lọ́kàn balẹ̀. Ẹni tí ó gbé e ni a mọ̀. A mọ ilé baba rẹ̀, a sì mọ ibi tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ní ìlú ńlá Amẹ́ríkà, ẹni tí ó gbé ìbọn àti ọlọ́pàá tí ó pàdé rẹ̀ lè ṣàìrí ara wọn rí. Ẹni tí ó gbé ìbọn mọ inú ara rẹ̀. Ọlọ́pàá kò rí ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni èdèàìyedè ti ń ṣẹ̀.

BÍ ÒFIN WỌN TI RÍ

Ní ọdún 1791 ni wọ́n fi Àtúnṣe Kejì kún Òfin Ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn láti ní ohun ìjà àti láti gbé e. Ní ọdún 2008, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn pinnu pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Ní ọdún 2022 ó tún là á yé wọn pé ẹ̀tọ́ náà kò mọ sí inú ilé nìkan. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀. Ní Texas, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2016 ni ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ti lè gbé ìbọn ìléwọ́ nínú àkọ̀ ní gbangba. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì kà á léèwọ̀ fún, kò nílò ìwé àṣẹ mọ́.

Èdèàìyedè yìí kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1967, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ Black Panther ní ìlú Oakland ń gbé ìbọn tẹ̀lé ọlọ́pàá kiri, láti máa wo bí wọ́n ti ń bá àwọn ènìyàn lò. Lójú àwọn ọ̀dọ́ náà, ìṣọ́ ni wọ́n ń ṣe. Lójú ọlọ́pàá, ìhalẹ̀ ni. Ní ọdún náà gan-an ni ìpínlẹ̀ California fi òfin de gbígbé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ ní gbangba, Gómìnà Ronald Reagan sì fọwọ́ sí i.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ TOLEDO

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2010, ọkùnrin kan àti àwọn ará ilé rẹ̀ mú ajá wọn rìn jáde ní ìlú Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ìbọn ìléwọ́ wà nínú àkọ̀ ní ìbàdí rẹ̀, ní gbangba, òfin Ohio sì gbà á láyè. Ẹnì kan tí ó gun alùpùpù ń kọjá, ó bá a wí pé kò yẹ kí ó máa gbé ìbọn kiri bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin náà dá a lóhùn pé òfin gbà á. Ẹni náà bá pe ọlọ́pàá.

Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ó ní ọkùnrin náà ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ na ọwọ́ sí ìbọn. Ọkùnrin náà ní òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá gba ìbọn náà, ó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó sì fi í sínú ọkọ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn náà ti rí lójú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń kọjá rí ewu, ó sì rò pé òun ń ran ìlú lọ́wọ́. Ọlọ́pàá gbọ́ pé ẹnì kan gbé ìbọn. Ó mọ̀ pé bí òun bá ṣi inú ẹni náà rò, òun lè má padà sílé. Ọkùnrin náà rò pé ẹni tí kò ṣẹ̀ kì í bẹ̀rù, àti pé ẹ̀tọ́ tí a ń tọrọ gáfárà kí a tó lò ó kì í ṣe ẹ̀tọ́ mọ́. Kò sí èyí tí ó ń purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nípa ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọ̀ràn náà dé Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2015. Láti ọdún 1968 ni ó ti jẹ́ òfin pé ọlọ́pàá lè dá ènìyàn dúró bí ó bá ní ìdí pàtó láti fura pé ó ń rú òfin, ó sì lè yẹ ara rẹ̀ wò bí ó bá ní ìdí láti gbà pé ó ní ohun ìjà, ó sì léwu. Àwọn adájọ́ wí pé níbi tí òfin bá ti gba ìbọn láyè ní gbangba, níní ohun ìjà àti jíjẹ́ eléwu kì í ṣe ohun kan náà. Ìbọn nìkan kò tó ìdí láti dá ènìyàn dúró.

NÍGBÀ TÍ Ẹ̀RÙ BÁ YÁ JU ÌBÉÈRÈ LỌ

Ní Toledo, gbogbo ènìyàn padà sílé láàyè. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ní Beavercreek, ní ìpínlẹ̀ Ohio kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan mú ìbọn afẹ́fẹ́ lórí àtẹ nínú ilé ìtajà, ó sì ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Oníbàárà kan pe ọlọ́pàá pé ó ń na ìbọn sí àwọn ènìyàn. Àwọn ọlọ́pàá dé, ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ wọ́n yìnbọn pa á. Lẹ́yìn náà, olùpè náà fúnra rẹ̀ gbà pé kò na ìbọn náà sí ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ keje oṣù keje ọdún 2016, ẹnì kan yìnbọn pa ọlọ́pàá márùn-ún ní Dallas níbi ìwọ́de kan. Àwọn mìíràn gbé ìbọn gígùn nínú ìwọ́de náà, bí òfin Texas ti gbà. Àwọn ọlọ́pàá fi àwòrán ọ̀kan nínú wọn, aláwọ̀ dúdú, han gbogbo ayé pé àwọn ń wá a, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí ìbọn bá ti ń dún, ó ṣòro láti mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni ibi.

Àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́hùn-ún ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ìbọn tí a pè ní ẹ̀tọ́ ní ìbàdí ẹlòmíràn, ewu ni a ń pè é ní ìbàdí tiwọn. Kí ọmọ wa tí ó wà níbẹ̀ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A MÚ DÁNÍ

1. Ẹni tí ó fẹ́ pe ọlọ́pàá, kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí ó má sọ ohun tí ẹ̀rù fi hàn án. "Ìbọn wà nínú àkọ̀" àti "ó ń na ìbọn" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ̀mí wà láàárín wọn.

2. Ọlọ́pàá tí ó bá dúró ní ibi ààbò, tí ó fi pẹ̀lẹ́ béèrè, ń fún ara rẹ̀ àti ẹni tí ó pàdé ní àkókò láti mọ ara wọn.

3. Ẹni tí ọlọ́pàá bá dá dúró, kí ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn. Kí ó má sáré fi ọwọ́ sí àpò tàbí ìbàdí. Kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe. Bí a bá rẹ́ ẹ jẹ, ilé-ẹjọ́ ni ibi àríyànjiyàn, kì í ṣe ojú títì. Ọkùnrin Toledo wà láàyè láti pe ẹjọ́.

4. Ẹni tí ó lọ ní àlejò tàbí ní akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú ìwé ìwọ̀lú ìgbà díẹ̀, kí ó mọ̀ pé òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò gbà á láyè láti ní ìbọn, àfi ní ọ̀nà díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ onílẹ̀ ń ṣe lè sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n.

Òfin lè sọ pé ìbọn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; kò lè pàṣẹ fún àyà pé kí ó má já. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá ń bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ẹ rán wọn létí pé kí wọ́n mọ ẹ̀tọ́ wọn, kí wọ́n sì mọ bí wọ́n ti rí lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.