Ogun Ebrohimi: Òtítọ́ àti Àròsọ Nínú Ìtàn Akọni

Ète ẹ̀kọ́ yìí: kí ọmọ ẹgbẹ́ lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìtàn tó dájú àti àhesọ, kí ó sì mọ ohun tí ìyapa ń fà bá ìlú.

Ìtàn náà
Orúkọ Nana Olomu kò ṣàjèjì ní Ajamimogha, ní ìlú Warri, láàárín àwọn Itsẹkiri, tí èdè wọn bá èdè Yorùbá tan. Olówò epo pupa pàtàkì ni Nana, òun sì ni Gómìnà Odò Benin láti ọdún 1884. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí àwọn oníṣòwò wọn máa bá àwọn ará ìgbèríko ra epo tààrà; Nana kò gbà. Ní oṣù Ọ̀gọ́sì ọdún 1894, ọkọ̀ ogun wọn dó ti Ebrohimi, ìlú rẹ̀ tó wà láàárín àbàtà. Àwọn ará ìlú kọ́kọ́ lé wọn padà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, Ebrohimi ṣubú. Ìbọn àgbá 106 ni a bá níbẹ̀.

Òtítọ́ àti àròsọ
Nana ti sá lọ kí ọ̀tá tó wọlé. Irú àjàbọ́ bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ẹnu fi oògùn àti àfẹ́ẹ́rí kún ìtàn. Ọ̀nà omi ni ó gbà dé Èkó, ó sì fi ara rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́ níbẹ̀. Wọ́n dá a lẹ́jọ́ ní Kalaba, wọ́n sì lé e lọ sí Accra. Ó padà wálé ní ọdún 1906, ó tẹ̀dó sí Koko, ó sì kú ní ọdún 1916.

Ìtàn akọni a tún máa mú kí a rò pé gbogbo ìlú ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dogho Numa, Itsẹkiri bíi tirẹ̀, gbè sẹ́yìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ìjà ti wà láàárín ìdílé méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹrú ṣiṣẹ́ fún Nana, tí ìtàn kò dárúkọ wọn.

Ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́
1. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ parí ìjà ilé kí àlejò tó dé.
2. Ẹ bọlá fún akọni láìbo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀.
3. Ẹ kọ ìtàn ìlú yín sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
Ìjà wo láàárín àwọn ìdílé ìlú wa ni a kò tíì parí? Ta ni ìtàn wa ti gbàgbé?