Àbúrò Mi, Kí O Tó Wọ Iṣẹ́ Care

Ṣé iṣẹ́ care ni o fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní England níbí? Inú mi dùn sí i gan-an. Iṣẹ́ gidi ni, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ẹ. Jókòó, jẹ́ kí n sọ ohun tó máa jẹ́ kí o tètè fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ká ti ọ̀rọ̀ owó bẹ̀rẹ̀. Má fi owó ara rẹ ra Care Certificate. Láti 2015 ni wọ́n ti ń fi kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ ló sì yẹ kó kọ́ ọ. Èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ò lè tó, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì ọ́ níbi iṣẹ́, kó rí i pé o mọ̀ ọ́n ṣe. Ìlànà 16 tó wà nínú rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Skills for Care. Kà á kí o tó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wàá rí i bí ọkàn rẹ á ṣe balẹ̀ tó.

Tí ìwé DBS rẹ, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn bóyá èèyàn ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn, bá sì jáde, forúkọ sílẹ̀ fún Update Service, kí o lè máa lo ìwé náà níbi iṣẹ́ mìíràn, kí 30 ọjọ́ tó pé.

Wàyí o, ibi tó máa ń le fún àwa ọmọ Yorùbá nìyí. Wọ́n ti kọ́ wa nílé pé kí àgbà má ṣe wàhálà lójú ọmọdé, ọwọ́ wa sì máa ń yá. Níbí, ohun tí àgbà bá lè ṣe, kí o jẹ́ kó ṣe é, kí agbára rẹ̀ má baà lọ. Mú kádígàn méjì dání, kí màmá yan èyí tó wù wọ́n. Tí wọ́n bá ń de bọ́tìnnì, ní sùúrù, má já a gbà. Èyí tí ọwọ́ wọn ò bá ká nìkan ni kí o bá wọn dè.

Béèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí o máa pe àwọn. Tí wọ́n bá ní Margaret, Margaret náà ni. Mo mọ̀ pé á kọ́kọ́ wúwo lẹ́nu rẹ. Ó wúwo lẹ́nu tèmi náà. Ọ̀wọ̀ tí àwọn fúnra wọn ń fẹ́ nìyẹn.

Má ki ọwọ́ bọ abíyá ẹnikẹ́ni láti fi gbé e dìde, èjìká lè yẹ̀. Tí care plan, ìwé ètò ìtọ́jú wọn, bá ní ẹni méjì ni kó lo hoist, ẹ̀rọ tí a fi ń gbé èèyàn, dúró de ẹnì kejì, bó ti wù kí o kánjú tó.

Tí o bá ń wẹ̀ fún wọn, wo gìgísẹ̀, ìdí àti ìbàdí dáadáa. Ibi tó bá pọ́n, fi ìka tẹ̀ ẹ́. Tí kò bá funfun lábẹ́ ìka rẹ, lọ sọ lójú ẹsẹ̀, egbò ló fẹ́ dá síbẹ̀. Lára ẹni tó dúdú bíi tiwa, pípọ́n yẹn lè má hàn, nítorí náà fọwọ́ kàn án: ṣé ó gbóná, àbí ó le ju àyíká rẹ̀ lọ?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìwé kíkọ. Kọ ohun tí o rí, má kọ ohun tí o rò. “Màmá ń bínú lónìí” ò wúlò fún ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Kọ ọ́ báyìí: “Aago 8:10. Wọ́n jẹ ìdajì tósítì, wọn ò mu tíì, wọ́n ní inú ń run àwọn. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì.” Nígbà tí èmi náà ń kọ́ ìwé kíkọ yìí, oúnjẹ alẹ́ àwọn ọmọ mi ni mo fi ń dánra wò: ta ló jẹun, kí ló ṣẹ́ kù, kí ló sọ. Dán an wò lálẹ́ òní. Ní ti oògùn, má fọwọ́ sí MAR chart, ìwé tí wọ́n ń kọ oògùn tí wọ́n lò sí, títí wàá fi rí i pé wọ́n gbé e mì.

Tí o bá sì ti gba Care Certificate, béèrè Level 2 Diploma lọ́wọ́ máníjà rẹ ní ọjọ́ supervision, ọjọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì máa ń jókòó sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ. Owó ìjọba wà tí ilé iṣẹ́ lè béèrè fún lórí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.