Má Tíì Pa Láptọ́ọ̀pù Náà Tì

Ilé-Epo, Òkè-Odò,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi pé láptọ́ọ̀pù rẹ ti ń wọ́ nílẹ̀, pé kí n bá ọ wá owó láptọ́ọ̀pù mìíràn. Kí n tó tú àpò, gbọ́ tẹnu mi ná.

Ṣí gbogbo ohun tí o máa ń lò pọ̀, kí o wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ojú ìwé tó bá ṣí, lọ sí Performance. Bí Memory bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, RAM ni kò tó. Bí Memory bá ṣì láyè, tó jẹ́ Disk ló ń dúró lórí 100%, má ra RAM rárá. Háàdì díìsìkì náà ni kí o yọ, kí o fi SSD rọ́pò rẹ̀.

Bó bá jẹ́ RAM, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ iye ojú ihò tó ní àti èyí tó ṣófo. Yọ RAM àtijọ́, kí o wo ara rẹ̀: PC3L ni DDR3L, PC4 ni DDR4. Ọ̀kan kò lè ṣiṣẹ́ èkejì, nítorí ibi tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀. Bí kò bá wọlé, má fi tipá tì í. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìjọba ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọjà kọ̀ǹpútà Computer Village yóò kó wá sí Katangowa nítòsí wa níbí, àmọ́ Ìkẹjà náà ṣì ni ọjà. Mú láptọ́ọ̀pù náà àti RAM àtijọ́ dání lọ. Jẹ́ kí wọ́n ki RAM tuntun bọ láptọ́ọ̀pù náà lójú rẹ, kí ẹ̀rọ tàn, kí o rí i pé ó ka iye tó yẹ, kí o tó sanwó.

Má sì ra ju ohun tí o nílò lọ. Láti ìparí 2025 ni RAM ti gbówó lórí káàkiri ayé, nítorí àwọn tó ń ṣe é, Samsung, SK Hynix àti Micron, ti kọjú sí àwọn ilé-iṣẹ́ AI tó ń rà á lọ́pọ̀ yanturu. Ní Oṣù Kejìlá ọdún náà, Micron kéde pé òun kò ní ta RAM Crucial tòun fún aráàlú mọ́. Dọ́là ni wọ́n sì fi ń kó RAM wọlé. 4GB ni tìrẹ. Fi 4GB kún un, ó ti tó iṣẹ́ ilé-ìwé. Tòkunbọ̀ kò burú, RAM kì í tètè gbó bíi bátìrì.

Ohun kan tún kù: Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ kẹrìnlá Oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Bí tìrẹ kò bá gba Windows 11, fi Linux Mint sí i, ọ̀fẹ́ ni.

Ya fọ́tò ojú ìwé Memory yẹn sí mi lórí WhatsApp. Ohun tó bá fi hàn ni màá sanwó rẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.