Ẹ̀kọ́ Èdè: Ṣé Alágbe Ni, Àbí Ogúnléndé?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nítorí aṣọ àti ọṣẹ tí à ń kó jọ fún àwọn tó wà ní ibùdó la ṣe fẹ́ tú ọ̀rọ̀ wò lóṣù yìí. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń pè wọ́n ní "alágbe" ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Alágbe kọ́ ni wọ́n o.

"Aláìnílélórí" ni ẹni tí kò ní ilé tó bò ó lórí. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ohun tí kò ní nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. "Ogúnléndé" ní tirẹ̀ jẹ́ odidi gbólóhùn tí a súnkì: ogun lé ẹni dé. Ẹ wò ó dáadáa. Ogun ló ṣe iṣẹ́ ibẹ̀, ẹni tó dé kò jẹ̀bi. Ó sì ti ibì kan wá. Ó ní oko níbẹ̀, ó lè jẹ́ tíṣà tàbí olóyè. Àwọn òyìnbó ya ẹni tó sá kọjá ẹnubodè sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó sá nínú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Irú ẹni kejì yìí ni àdéhùn tí àwọn ìjọba Áfíríkà ṣe ní Kampala ní 2009 dá lé. Lọ́dọ̀ tiwa, ogúnléndé ni àwọn méjèèjì.

Àwa náà sì ni ọmọ ogúnléndé. Ogun ló kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí, àgọ́ ni tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Àgọ́-d'Ọ̀yọ́. Ní Jos níbí, ẹ bi àwọn òbí yín nípa oṣù kẹsàn-án 2001, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn sá lọ sùn ní bárékè.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 2018, àwọn agbébọn ya wọ àwọn abúlé kan ní Barkin Ladi. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sá dé abúlé Nghar jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Ìmáàmù ibẹ̀, Abdullahi Abubakar, kó àwọn obìnrin sínú ilé tirẹ̀, ó kó àwọn ọkùnrin sí mọ́ṣáláṣí, ó sì bẹ àwọn agbébọn títí wọ́n fi lọ. Èèyàn 262 ni wọ́n ní ó fi pamọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní 2019. Ìdí tó sọ ló wọ̀ mí lára jù: àwọn Kìrìsìtẹ́nì ló fún àwọn Mùsùlùmí ní ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà kan. Aládùúgbò ló rí, kò rí atọrọjẹ.

Báwo la ó ṣe wá sọ̀rọ̀ tí a bá débẹ̀? Ẹni tó ń gbé inú àgọ́, ibẹ̀ nilé rẹ̀. "Àgò onílé o" la ó kọ́kọ́ ké, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ tí wọ́n ta ló dípò ilẹ̀kùn, a ó sì dúró kí wọ́n dá wa lóhùn kí a tó yọjú. Lẹ́yìn náà, "Ẹ kú ewu," "Ẹ kú àfẹ́kù." Ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ Yorùbá, Hausa la ó sọ: "Gafara dai" ló ṣe bí àgò. Hausa ò ní "ẹ" ọ̀wọ̀ bíi tiwa, nítorí náà ẹ fi "Baba" tàbí "Mama" ṣáájú. Ẹ má bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á sọ.

Ní ti fọ́tò tí à ń jà sí, èrò tèmi ni pé ká fi gbogbo fóònù sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Àwa tí à ń tò lórí ìlà pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ta ló máa fẹ́ kí wọ́n ya òun bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù níbòmíì? Àwa sì ń lọ sílé tí ìsinmi bá dé o. Aṣọ tí ẹ ò lè wọ̀ jáde, ẹ má kó o wá. Ká sì ránṣẹ́ béèrè ohun tí wọ́n nílò kí a tó ra nǹkan: ó lè jẹ́ páàdì tàbí ìkòkò, kì í ṣe Indomie.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ tún gbólóhùn yìí kọ kí ọ̀wọ̀ lè wà nínú rẹ̀: "A lọ fún àwọn aláìní yẹn lóúnjẹ, inú wọn dùn gan-an." Ẹ má lo "aláìní." Kí iṣẹ́ yín dọ́wọ́ akọ̀wé kó tó di Ọjọ́bọ̀.